Ọjọ́ Tí Àwọn Ọmọ Mẹ́rìndínlógún Rìn Padà Lórí Iyanrìn

Ọmọbìnrin kan ní àdúgbò wa ní Ẹ̀gbẹ́dá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ìwé girama, bi mí léèrè ní oṣù tó kọjá pé, "Màmá, ṣé lóòótọ́ ni pé eré ni ẹ fi gbogbo ayé yín ṣe?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó jókòó. Mo kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe, nítorí pé ibi tí tíṣà kì í ti í fẹ̀yìn tì nìyẹn: n kò fi ayé mi ṣe eré, mo fi wádìí eré ni. Ẹni tó ń jẹ iṣu àti ẹni tó ń wo bí iṣu ṣe ń ta lábẹ́ ilẹ̀, iṣẹ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Nígbà tí mo sọ ìtàn náà fún un tán, ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ òun tí wọ́n ń ronú iṣẹ́ tí wọn yóò yàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú eré tó jẹ́. Kì í ṣe èyí tí ọmọ máa ń jókòó sórí àga, tí yóò máa tẹ fóònù títí ojú rẹ̀ yóò fi pọ́n. Ìta ni wọ́n ti ń ṣe tiwa. Fóònù wà lọ́wọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ bá dé ni fóònù fi ń mọ ohun tí yóò sọ. Bí ó bá dúró nídìí kànga, fóònù lè sọ fún un pé ẹja kan ń bẹ nínú kànga náà tó ń béèrè ìṣirò. Bí ó bá kọjú fóònù sí igi máńgòrò, ó lè rí ilé kékeré kan lára igi náà tí ojú lásán kò lè rí. Ohun tí àwa fẹ́ mọ̀ ni bóyá ọmọ tó fi ẹsẹ̀ kọ́ nǹkan máa ń rántí ju ẹni tó fi ìjókòó kọ́ ọ lọ, àti irú ilẹ̀ tó gba eré, àti èyí tí kò gbà á. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Tíṣà ìṣirò ni mí ní Ìgàndó nígbà tí Ọ̀mọ̀wé Àjọkẹ́ wá sí ilé ìwé wa. Obìnrin kúkúrú ni, kì í wọ bàtà gíga, ó sì ń ṣe olórí ọ́fíìsì ìwádìí kékeré kan, yàrá méjì péré ní òkè ilé kan nítòsí wa. Ó wo bí mo ṣe ń fi okùn wọn pápá pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì mi, ó ní kí n wá bá òun ṣiṣẹ́. Mo lọ. Owó oṣù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti tíṣà, n kò sì ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí rẹ̀.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Ọ̀gá Àjọkẹ́ fún mi ni pé kí n di kọ̀ǹpútà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kí n lọ ra kọ̀ǹpútà ni?"

"Mo ní kí ìwọ fúnra rẹ di kọ̀ǹpútà. Jókòó sórí àpótí yẹn. Bí ọmọ bá wá bá ọ, ohun tó wà nínú ìwé yìí nìkan ni kí o sọ fún un. Kọ̀ǹpútà kì í rẹ́rìn-ín. Kì í bá ọmọ wí."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Kí a tó fi ẹ̀rọ kankan sí eré, a ó kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì, ìwé àti ènìyàn ṣe é. Ọ̀gá gbà pé eré tí kò bá dùn báyìí, ẹ̀rọ kò ní lè mú un dùn. Mo bá jókòó sábẹ́ igi, mo lejú koko. Ọmọkùnrin kékeré kan sáré dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja: "Kọ̀ǹpútà, ẹ káàárọ̀ mà."

Mi ò mọ ìgbà tí mo lanu. "Káàárọ̀, ọmọ mi. Màmá rẹ ńkọ́? Ṣé o ti jẹun?"

Fèrè dún lẹ́yìn mi, fíìì! "Kọ̀ǹpútà ti bàjẹ́!" ni Ọ̀gá ń kígbe. "Gbogbo yín, ẹ padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀!"

Odindi ọdún kan ni mo fi jẹ́ kọ̀ǹpútà, ọjọ́ tí n kò bàjẹ́ nínú rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń wo ọmọ láìdá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ̀kọ́ tó ṣòro fún tíṣà ju ìṣirò lọ.

Èyí tó le jù nínú òfin Ọ̀gá ni ìrìn méje. Kò sí ilẹ̀ tí a lè fi ṣe eré àfi tí a bá kọ́kọ́ rìn ín lẹ́ẹ̀meje: ní ìdájí, ní ọ̀sán gangan, nígbà òjò, nígbà tí ilé ìwé bá jáde, ní ọjọ́ Jímọ̀, ní ọjọ́ Ìsinmi, àti ní ọjọ́ àti wákàtí tí eré yóò wáyé gan-an. Bí o bá ti rìn ín tán, o ó fàmì sí i nínú rẹ́jísítà. Ní ọjọ́ kan mo ń kùn pé ọ̀nà kan ni mò ń rìn ṣáá. Kò bá mi jiyàn. Ó mú mi lọ sídìí ráńdábáòtù Ìkòtún ní aago mẹ́fà àárọ̀, ó ní kí n ya gbogbo ọ̀nà tí mo bá rí. Mo ya mẹ́sàn-án. Nígbà tó di aago mẹ́wàá, ó tún mú mi padà lọ. Agbọ̀n tòmátì, bàtà òkìrìkà àti agboòrùn àwọn tó ń ta káàdì fóònù ti jókòó lórí mẹ́fà nínú wọn.

"Tíṣà," ó ní, "ọ̀nà mélòó ló wà níbí?"

"Mẹ́ta, mà."

"Ọ̀nà kan náà lò ń rìn, àbí?"

Bàtà mẹ́ta ni mo wọ̀ gbó lọ́dún yẹn.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ dé. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí a fi ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ tóbi tó búrẹ́dì, bátìrì rẹ̀ kì í sì í pé wákàtí méjì. Àwọn ọmọ máa ń gbé e sókè bí ẹni ń bẹ òjò. Ìgbà náà ni Súlè dé bá wa, ọmọ onílẹ̀ ní Ìkòtún, tó mọ kọ̀ǹpútà í ṣe bí ẹni mọ ilé bàbá rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ṣìnà, Súlè á ní, "Ẹ wò ó, bàbá bàbá mi mọ ààlà ilẹ̀ yìí títí dé Ìjẹ̀gùn láìsí bátìrì." Kò pẹ́ tí fóònù tí à ń fi ìka tẹ ojú rẹ̀ dé, tó kéré tó àtẹ́lẹwọ́. Àwòrán ilẹ̀ láti ojú ọ̀run náà dé. O lè jókòó sí ọ́fíìsì, kí o máa wo òrùlé gbogbo Alímọ̀ṣọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn. Mo rò pé ẹsẹ̀ mi ti gba ìsinmi.

Ẹ fara balẹ̀ ka èyí tó kàn, nítorí àṣìṣe tèmi ni.

Nígbà ọlidé kan, a fẹ́ ṣe eré kan fún ọmọ mẹ́rìndínlógún ní ẹ̀yìn Ìgàndó. Wọn yóò máa wá òkúta wúrà méje tí ojú fóònù nìkan lè fi hàn. Mo rìn gbogbo òpópónà ibẹ̀ lẹ́ẹ̀meje bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ó ku abala ilẹ̀ kan lẹ́yìn ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀, tó jẹ́ iyanrìn funfun nínú àwòrán, láìsí ilé, láìsí igi. Ẹrẹ̀ wà lọ́nà ibẹ̀, ẹsẹ̀ ń dùn mí. Mo wo àwòrán náà, mo ní òfìfo ni. Mo fi òkúta wúrà keje síbẹ̀. Mo sì fàmì sí rẹ́jísítà lẹ́ẹ̀meje pé mo rìn ín.

Ọjọ́rú ni a ṣe eré náà. Àwọn ọmọ dé fìlà pupa kan náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ojú wọn wà lára fóònù. Mo ń tẹ̀ lé wọn bọ̀ lẹ́yìn nígbà tí mo gbọ́ agogo, tí mo sì gbọ́ igbe: "Ẹ bọ́ bàtà! Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bọ́ bàtà!"

Ilẹ̀ àdúrà ìjọ aláṣọ funfun ni. Iyanrìn tí mo pè ní òfìfo, àwọn ni wọ́n dà á síbẹ̀, wọ́n sì ń fi ọwọ̀ gbá a láràárọ̀. Ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà dé orí rẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ wà lórí ìkúnlẹ̀ ní àárín ìsìn Ọjọ́rú nígbà tí ọmọ mẹ́rìndínlógún fi bàtà já lù wọ́n, tí wọ́n ń na fóònù sí wọn lójú, tí wọ́n sì gba òdìkejì jáde.

Ìyá Àdúrà, olórí àwọn obìnrin ìjọ náà, kò pariwo mọ́ mi. Ó ní, "Tíṣà, ẹ ṣí ẹ̀rọ yín kẹ́ ẹ fi ibi tí a wà hàn mí."

Mo ṣí i. Iyanrìn ló wà níbẹ̀.

"A ò sí níbẹ̀, àbí?"

"Ẹ ò sí níbẹ̀, mà."

"Kò burú. Kí ni mo wá ń bá yín jà fún? Ẹni tí kò sí kì í jà."

Ì bá sàn kó gbá mi létí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán. Obìnrin kan wà lórí ẹní nítòsí ọgbà, Sísítà Wúràọlá. Oyún oṣù méje wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá tó ti ń wá ọmọ, ó sì wà nínú àdúrà ọlọ́jọ́ méje. Ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó dijú. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ti fò ó kọjá. Nígbà tó fi máa lajú, fìlà pupa nìkan ló rí, gbogbo wọn ló sì dé e.

Fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kò gbọ́ ọ rí: àwọn àgbà ní a kì í fo aboyún kọjá, kí ọmọ inú rẹ̀ má baà gbé ojú ẹni tó fò ó wá sáyé. Bí ó bá ṣèèṣì ṣẹlẹ̀, ẹni náà gbọ́dọ̀ fò ó padà. Ẹ lè rẹ́rìn-ín bí ẹ bá fẹ́. Sísítà Wúràọlá kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ bá mi wá ọmọ náà," ó ń sọ ọ́ tomijé-tomijé. "Mi ò ní nà án. Kó ṣáà fò mí padà. Ìyá ọkọ mi ti ń wí tẹ́lẹ̀ pé oyún yìí pẹ́ jù kó tó dé, ojú ọmọ lòun máa fi mọ̀ bóyá ti ọmọ òun ni. Tí ọmọ mi bá wá gbé ojú ọmọ ọlọ́mọ wá ńkọ́? Kí ni mo fẹ́ wí?"

"Sísítà," Ìyá Àdúrà ní, "àdúrà jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, Màmá. Ẹ ṣáà jẹ́ kó fò mí padà, kí àdúrà ríbi dúró sí."

Mo kó àwọn ọmọ jọ, mo bi wọ́n léèrè. Gbogbo wọn ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn. Ọmọ méjì ń sunkún, ṣùgbọ́n tíṣà tó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ mọ̀ pé ọmọ tó ń sunkún kọ́ ló ń jẹ̀bi nígbà gbogbo. Súlè fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àǹtí, ó wà nínú ẹ̀rọ. Gbogbo ibi tí fóònù kọ̀ọ̀kan dé ló ń kọ sílẹ̀. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú méjì péré, mo máa dárúkọ ọmọ náà fún yín."

Ọkàn mi fò sí i. Ṣùgbọ́n kí eré kankan tó bẹ̀rẹ̀, a máa ń kọ ìwé fún òbí ọmọ kọ̀ọ̀kan pé ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ wọn bá tẹ̀, a kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àwa fúnra wa kò sì ní ṣí i wò pẹ̀lú orúkọ. Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Bí nǹkan kan bá wá ṣe oyún yẹn lẹ́yìn tí a dárúkọ ọmọ kan, ta ni yóò bọ́ orúkọ náà kúrò lára ọmọ náà láéláé? Nǹkan mìíràn tún wà: ẹ̀rọ náà máa ń fi ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún ṣìnà. Ó lè nàka sí ẹni tó sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọ̀kadà gbé Ọ̀gá Àjọkẹ́ dé, rẹ́jísítà wà lábíyá rẹ̀. Ó ṣí i síbi abala ilẹ̀ náà.

"Ta ló fàmì síbí?"

"Èmi ni, mà."

"Ṣé o rìn ín?"

"N kò rìn ín, mà."

Ó pa rẹ́jísítà dé. "Súlè, má ṣí nǹkan kan. Tíṣà, ìwọ lo fàmì sí i, ìwọ ni wàá wá ọ̀nà àbáyọ. Ìyá Àdúrà ní tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la tí ọkàn Sísítà ò bá tíì balẹ̀, àwọn máa kó ọ̀rọ̀ náà lọ bá baálẹ̀ àti àwọn òbí. Ká palẹ̀ ọ́fíìsì mọ́ nìyẹn, kí ìwọ sì padà sí kíláàsì, bí wọ́n bá ṣì gbà ọ́."

Mo bọ́ bàtà mi, mo tọrọ ààyè lọ́wọ́ Ìyá Àdúrà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rin ilẹ̀ náà, ìrìn méje tí mo jẹ ní gbèsè. Oòrùn ń mú. Àwọn ìyá ìjọ ń wò mí, ẹnì kan ní, "Ṣé orí tíṣà yìí pé ṣá?" Nígbà tí mò ń padà bọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo rí i pé inú ojú ẹsẹ̀ tí mo fi lọ ni mò ń tẹ̀ bọ̀. Mo dúró.

Mo pe Súlè. "Ṣé fóònù kọ̀ọ̀kan lè fi ọ̀nà tí ọmọ tó dì í mú gbà han ọmọ náà nìkan, kó sì mú un gba ibẹ̀ padà?"

Ó yí orí díẹ̀. "Ó ṣeé ṣe. Ọ̀nà fóònù kọ̀ọ̀kan wà nínú ikùn rẹ̀, a ò ní láti wò ó. Ẹ fún mi di ọ̀la."

"Eré kan náà ni," mo ní. "Ẹ̀yìn la ó ti bẹ̀rẹ̀."

A lọ bá òbí kọ̀ọ̀kan nílé, mo sì sọ òtítọ́ fún wọn, àti ti rẹ́jísítà pàápàá. Bàbá kan bú mi dáadáa, mo dúró gbà á. Nígbà tó di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, gbogbo ọmọ mẹ́rìndínlógún pé. Wọ́n bọ́ bàtà jọ sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo sọ fún wọn pé, "Kò sí òkúta wúrà lónìí. Ọ̀nà tí ẹ gbà lánàá ni kí ẹ gbà padà. Fóònù ò mọ ọ̀nà náà tán, ó máa mú yín dé ìtòsí ni. Ẹsẹ̀ yín mọ èyí tó kù. A ò ní wò yín."

Sísítà Wúràọlá jókòó síbi tó jókòó sí lánàá, ó na ẹsẹ̀, ó sì fi aṣọ funfun bo ojú ara rẹ̀. Ọ̀gá kọ̀yìn, Súlè kọ̀yìn, gbogbo àwọn ìyá ìjọ kọ̀yìn. Ìyá Àdúrà ló kọ̀yìn gbẹ̀yìn. Èmi kọjú sí ọ̀gẹ̀dẹ̀, mò ń ka ewé. Ohun kan tí mò ń gbọ́ ni ẹsẹ̀ àwọn ọmọ lórí iyanrìn, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sí ẹni tó sáré. Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ dákẹ́.

Sísítà Wúràọlá sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ó ti padà. Mo gbọ́ atẹ́gùn rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mi."

Nígbà tí a yíjú padà, àwọn ọmọ mẹ́rìndínlógún ti dúró lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wọ bàtà.

Oṣù méjì àti ààbọ̀ lẹ́yìn náà, Ìyá Àdúrà ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá wo ojú ọmọ. Mo bá ìyá ọkọ Sísítà níbẹ̀, ó gbé ọmọbìnrin kékeré kan lọ́wọ́, ó ń fi han gbogbo ẹni tó wọlé. "Ẹ wo imú mi! Ẹ wo iwájú orí mi! Ta ló ní n kò bímọ mọ́?" Sísítà Wúràọlá wò mí láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ìtùnú ni wọ́n sọ ọmọ náà.

Ọ̀gá Àjọkẹ́ kò lé mi. Odindi ọdún kan ló fi ń rin ìrìn keje tẹ̀ lé mi, kò sì sọ ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà yẹn, kò sí ibì kankan nínú àwòrán ilẹ̀ wa tí à ń pè ní òfìfo. Ibi tí a kò bá tíì rìn, "a kò tíì mọ̀ ọ́n" ni à ń kọ sí i. Àwọn ìyá ìjọ náà fúnra wọn ló wá sọ pé kí a fi ilẹ̀ àwọn sínú eré, tí a bá lè ṣe é bó ṣe yẹ. Bí ọmọ bá dé ibẹ̀ báyìí, fóònù á sùn, ọmọ á bọ́ bàtà, á jókòó jẹ́ẹ́ títí wọn yóò fi lu agogo. Nígbà tí a bi àwọn ọmọ léèrè ibi tó dùn mọ́ wọn jù, ọ̀pọ̀ wọn dárúkọ ibẹ̀. Ó yà wá lẹ́nu, ó sì di apá pàtàkì nínú ìwádìí wa. Lẹ́yìn tí Ọ̀gá fẹ̀yìn tì, èmi ni mo di olórí ọ́fíìsì. Ẹ̀rọ yí padà lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójú mi, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ iṣẹ́ tí n kò mú jẹ́ kọ̀ǹpútà fún ọdún kan kó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà gidi. Wọ́n máa ń kùn. Èmi náà kùn nígbà tèmi.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá, Súlè, tó ti hu ewú báyìí, rí ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan.

"Àǹtí, ó ṣì wà níbí o. Kò sẹ́ni tó ṣí i rí. Ṣé ẹ ò tiẹ̀ fẹ́ mọ̀ ni?"

"Pa á rẹ́, jàre."

"Lóòótọ́?"

"Súlè, mo fọwọ́ síwèé."

Ó pa á rẹ́ lójú mi.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dágbére fún mi ní ọ́fíìsì, púfúpúfù àti mínírà ni a fi ṣe é. Ìtùnú wá pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ó ti ga jù mí lọ, imú ìyá bàbá rẹ̀ wà lójú rẹ̀ síbẹ̀. Mọ́kànlá nínú àwọn ọmọ mẹ́rìndínlógún náà wá. Àgbàlagbà ni wọ́n, àwọn kan gbọ́mọ dání. Wọ́n ń kí mi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n sì ń kí Sísítà Wúràọlá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọ̀kan nínú wọn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó pẹ́ nílẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Nígbà tó gbójú sókè, ó la ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ nǹkan.

Sísítà Wúràọlá na ọwọ́, ó gbé e dìde. "Dìde, ọmọ mi," ó ní. "Ṣé o ti jẹun?"

Èmi kọjú sí fèrèsé. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń yan iṣẹ́, iṣẹ́ tó bá ní ohun tí ẹ lè mọ̀, tí ẹ sì lè fi sílẹ̀ láìmọ̀ nítorí pé ẹ ti ṣèlérí, iṣẹ́ gidi nìyẹn. Ẹ ra bàtà tó lágbára.